Àjẹsára: ṣé ọwọ́ òyìnbó nìkan ló ti wá, àbí àwa náà wà níbẹ̀?

Ọmọ_Ìdènà (Kétu)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyàwó mi gbọ́ lórí rédíò pé àjẹsára palú, ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ti wà fún àwọn ọmọdé ní Benin báyìí, ó sì fẹ́ gbé ọmọ wa lọ. Ọmọ náà ti pé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà yarí. Ó ní ara wa ni wọ́n fi ń dán gbogbo abẹ́rẹ́ wọ̀nyí wò, ó ní kò sí ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ kankan tó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, àti pé àwọn baba wa kò gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mi ò sì fẹ́ já a ní koro lójú àwọn èèyàn, pàápàá nígbà tí mi ò mọ ìtàn náà dáadáa. Ta ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí? Ṣé lóòótọ́ ni pé a ò ní ọwọ́ kankan níbẹ̀?

Aláwàdà_Wàńdò (Àjàṣẹ́)

"Àwọn baba wa kò gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì dàgbà." Àwọn tí kò dàgbà ńkọ́? Ta ló bi wọ́n? Òkú kì í wá sójú-òpó wá jẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n mo wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín díẹ̀ o. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé e wá ní gbogbo ìgbà?

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ọmọ_Ìdènà, mo kí ọ, mo kí ìyàwó. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ẹ́gbóná, torí ibẹ̀ ni gbogbo àjẹsára ti ṣẹ̀.

Kí wọ́n tó bí Jenner, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ìwé ń dárúkọ, àwọn èèyàn ti ń ṣe nǹkan kan ní Ṣáínà, ní Íńdíà, ní ilẹ̀ Tọ́kì, àti níhìn-ín ní Áfíríkà. Wọn a mú díẹ̀ nínú omi egbò ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná ń ṣe, wọn a sín gbẹ́rẹ́ sí apá ẹni tí kò tíì ṣe, wọn a fi í sí ojú gbẹ́rẹ́ náà. Àìsàn yẹn á ṣe onítọ̀hún, àmọ́ kì í sábà le, kò sì ní ṣe é mọ́ títí ó fi máa kú.

Ẹ wá wo bó ṣe dé Amẹ́ríkà. Ọmọ Áfíríkà kan wà lóko ẹrú ní Boston, orúkọ tí wọ́n fún un ni Onesimus. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Cotton Mather ni olówó rẹ̀. Mather bi í bóyá ó ti ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná rí. Onesimus ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó wá ṣàlàyé gbẹ́rẹ́ náà fún un, ó fi àpá rẹ̀ hàn án. Nígbà tí àrùn yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní Boston lọ́dún 1721, Mather bẹ gbogbo dókítà ìlú pé kí wọ́n ṣe é bí ẹrú òun ṣe wí. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbà, Zabdiel Boylston. Ọmọ tirẹ̀ àti ẹrú méjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Inú bí ará ìlú débi pé ẹnì kan ju àdó olóró gba fèrèsé ilé Mather wọlé.

Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀. Nínú nǹkan bí 240 èèyàn tí Boylston sín ní gbẹ́rẹ́, 6 ló kú. Nínú nǹkan bí 5,900 tí àrùn náà fúnra rẹ̀ mú, ó lé ní 840 tó kú. Lójú tèmi, ìṣirò yẹn ṣe pàtàkì tó gbẹ́rẹ́ náà. Àwọn èèyàn wa ní ìmọ̀ náà. Ẹni tó kà á, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó fi èyí wé ìyẹn, òun ni ayé rántí.

Jenner ní tirẹ̀, ọdún 1796 ló mú omi egbò ìgbóná màlúù, tí kì í pa èèyàn, ó fi í sí apá ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan, James Phipps, ọmọ ẹni tó ń bá a tún ọgbà ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó fi ilẹ̀ẹ́gbóná gan-an sí ọmọ náà lára. Kò mú un. Ibẹ̀ ni àjẹsára ti di nǹkan tí kò léwu tó gbẹ́rẹ́ àtijọ́.

Aláwàdà_Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Ẹrú méjì. Ọmọ ẹni tó ń tún ọgbà ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú àwọn tí wọ́n ń mú. Mi ò rí ọmọ ọba kankan nínú ìtàn yìí.

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Òótọ́ lo sọ, mi ò sì ní bò ó. Ọmọ Boylston wà níbẹ̀ ṣá.

Àrólé_Adáhunṣe (Ìlára)

Tíṣà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ gbẹ́rẹ́. Ilé adáhunṣe ni wọ́n bí mi sí, ohun tó sì ń dùn mí ni pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Ọbalúayé, àwọn aborẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ di apànìyàn. Títí di òní, a kì í dárúkọ Baba lọ́sàn-án gangan nílé wa. Ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ni. Ìlànà wà níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe é, wọn a yà á sọ́tọ̀ sẹ́yìn ìlú, ẹni tó ti ṣe é rí tó sì yè ló ń tọ́jú rẹ̀, wọn kì í lu ìlù, wọn kì í pe àpèjọ. Kí ni ìjọba ṣe nígbà Kòrónà tó yàtọ̀ sí ìyẹn?

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Àrólé, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá kejì wà tí a gbọ́dọ̀ sọ. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí wọ́n bí ní 1861 tó sì kú ní 1935, dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ìdí tí àrùn náà kì í fi í tán. Ohun tó rí ni pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá egbò ran àwọn èèyàn. Ìròyìn rẹ̀ ló mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìsìn náà. Èépá kan náà tí Onesimus ní wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là ni wọ́n ń fi ṣìkà níbòmíràn. Sapara kò ka ara rẹ̀ sí òyìnbó o. Ó wà lára àwọn dókítà tó ń wádìí ewé àti egbò wa nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn.

Àrólé_Adáhunṣe (Ìlára)

Àwọn kan. Mo gbà. Olè wà nínú ìmọ́lé, ó wà nínú ìgbàgbọ́, kò lè ṣe kó má sí nínú awo. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni òfin náà dè.

Fẹ̀yìntì_Jàsín (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àríyànjiyàn. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àpá ilẹ̀ẹ́gbóná sì wà lápá mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ ò lè rí i lápá ara yín torí pé kò sí ìdí fún un mọ́.

Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n wá. Dahomey là ń jẹ́ nígbà yẹn. Ọdún 1967 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọdé ní ti èéyi pọ̀ mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ náà kò ní abẹ́rẹ́. Ìbọn ni, wọn a tẹ ẹsẹ̀ mọ́ nǹkan kan nílẹ̀, oògùn á sì wọ ara gba awọ kọjá. Ariwo tó máa ń pa ló lé wa wọ inú oko àgbàdo.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ_Ìdènà sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí: ọgbọ́n tó pa ilẹ̀ẹ́gbóná run ní ayé, ìtòsí wa níhìn-ín ni wọ́n ti rí i. Ní ìparí ọdún 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Àrùn náà bẹ́ sílẹ̀, oògùn ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó gbogbo èèyàn. Ó wá lo rédíò àwọn ajíhìnrere, ó ń bi wọ́n ní abúlé wo ló ti rí aláìsàn, àwọn wo ló ti bá a pàdé, ọjà wo ni wọ́n ń ná. Àwọn tó yí aláìsàn ká nìkan ló fún ní àjẹsára. Àrùn náà kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fún gbogbo ìlú. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbé káàkiri. Oṣù karùn-ún 1970 ni ẹni ìkẹyìn ṣe é ní agbègbè wa, ní Nàìjíríà.

Ẹni ìkẹyìn tó kó o láyé lọ́nà tí èèyàn ń gbà kó àrùn lásán ni Ali Maow Maalin, alásè ní ọsibítù kan ní Sòmálíà, lóṣù kẹwàá 1977. Iṣẹ́ ọsibítù ló ń ṣe, síbẹ̀ kò gbàjẹsára torí pé ó ń bẹ̀rù ìrora. Ó yè é. Nígbà tó dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ láti ilé dé ilé bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n gbàjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fún ọmọ wọn, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wọn. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló wà lọ́dún 2013 tó kú. Palú ló pa á.

Aláwàdà_Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Hàà, Màmá. Ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná ò rí pa, ẹ̀fọn pa á!

Ọmọ_Láàbù (ọmọ Kétu, mo wà ní Kútọnu)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n Aláwàdà lórí ìdí tí wọ́n fi máa ń gbé ìwádìí wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ máa ń kọjá ní Kraké? Ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò ní ibodè, àjẹsára ibà pọ́njú ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1927, àwọn olùwádìí mú ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, ní ilẹ̀ Gold Coast tó di Gánà lónìí. Ibà náà ń ṣe é lọ́wọ́. Ó yè. Kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni Max Theiler tọ́ ní New York, tó sọ ọ́ di aláìlágbára, tó sì di àjẹsára 17D lọ́dún 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Gbogbo àjẹsára ibà pọ́njú tí ayé ń gbà títí di òní, láti ara ẹ̀jẹ̀ Asibi ni wọ́n ti ṣẹ̀. Àwọn òyìnbó náà kú níbẹ̀ o: Adrian Stokes kú ní Èkó lọ́dún 1927, Hideyo Noguchi ará Jàpáànù kú ní Àkrà lọ́dún 1928, ibà tí wọ́n ń wádìí ló pa àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, àwa wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé orúkọ Theiler wà nínú ìwé gbogbo dókítà, Asibi sì di orúkọ kòkòrò inú ìgò.

Ti palú yàtọ̀ díẹ̀. Àjẹsára RTS,S tí rédíò ń sọ, nǹkan bí 15,000 ọmọ ni wọ́n fi wádìí rẹ̀ láàrin 2009 sí 2014, ní orílẹ̀-èdè méje ní Áfíríkà. Benin kò sí lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún àwọn ọmọ ní Gánà, Kẹ́ńyà àti Màláwì láti ọdún 2019, wọ́n sì rí i pé ikú àwọn ọmọdé tó yẹ kó gbà á fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2024 ló tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé àwọn ọmọ ẹlòmíràn ti ṣáájú ọmọ yín. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ní Áfíríkà kò sì ju pé ibẹ̀ ni palú wà. Tí wọ́n bá dán an wò ní Paris, kí ni wọ́n fẹ́ rí?

Aláwàdà_Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Àbúrò, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n "àwọn ọmọ ẹlòmíràn" yẹn, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa náà ni wọ́n. Ta ló di ìwé mú? Ta ló di abẹ́rẹ́ mú?

Ọmọ_Láàbù (ọmọ Kétu, mo wà ní Kútọnu)

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ń yí padà. Àjẹsára palú kejì, R21, Halidou Tinto ló darí ìwádìí rẹ̀ ní Nanoro, ọmọ Burkina Faso ni, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló sì ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sílé. Lódìkejì odò Wẹ́mẹ̀ sí Kétu, ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, wọ́n pín àwọn abúlé sí ọ̀nà mẹ́ta lọ́dún 2020. Àwọn kan gba àwọ̀n ẹ̀fọn tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn ìyókù gba oríṣi méjì tí oògùn wọn yàtọ̀. Ẹ rí i, oògùn àtijọ́ ti sú àwọn ẹ̀fọn. Láti 2007 ni wọ́n ti fi hàn níbí pé ẹ̀fọn Ladji ní Kútọnu máa ń wọ inú ilé tí àwọ̀n olóògùn wà, kó jẹun, kó jáde ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn kan náà ń pa ti Malanville ní àríwá. Oògùn àtijọ́, iṣan ara ẹ̀fọn ló ń bá jà. Chlorfenapyr tó wà nínú ọ̀kan lára àwọn àwọ̀n tuntun náà kò bá iṣan jà; ó ń dí ọ̀nà tí ara ẹ̀fọn fi ń rí agbára, ẹ̀fọn náà á rẹ̀ títí á fi kú.

Lẹ́yìn ọdún méjì, palú láàrin àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́wàá tó ń sùn nínú àwọ̀n oní-chlorfenapyr fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó wà nínú àwọ̀n àtijọ́. Oríṣi kejì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, wọ́n sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀ láìfi bò. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé e jáde ní 2023. Manfred Accrombessi ni orúkọ tó ṣáájú lórí ìwé náà, ọmọ Benin. Martin Akogbéto tó ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀fọn ní ibùdó ìwádìí CREC ní Kútọnu láti ọjọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo àwọ̀n yẹn ní ibi tí ẹ̀fọn ti gbó sí oògùn àtijọ́. Ẹ̀rí Tànsáníà àti ẹ̀rí Zou, ìyẹn agbègbè tí Covè wà, ni wọ́n gbé e lé.

Ọmọ_Ìdènà (Kétu)

Covè? Covè tí a máa ń lọ ra àgbàdo? Mi ò gbọ́ rí!

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ìwọ nìkan kọ́. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Dahomey ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó darí Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ilẹ̀ Áfíríkà? Comlan Alfred Quenum, ọmọ Ouidah, láti 1965 títí tó fi kú ní 1984. Ilé-ẹ̀kọ́ ìlera ará ìlú tó wà ní Ouidah ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Lójú rẹ̀ ni ilẹ̀ẹ́gbóná fi tán ní Áfíríkà.

Èyí tó kan Ṣábẹ̀ẹ́ jù lọ kò ní abẹ́rẹ́ nínú rárá. Ṣòbìà ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn tó lè tó mítà kan, tó ń gba ẹsẹ̀ jáde, ìrora rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Inú omi adágún ló wà. Èèyàn á mu ún, ọdún kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kó tó yọ. Nígbà tó bá máa yọ ni èèyàn fẹ́ kọ ebè. Mo ti rí ilé tí bàbá, ìyá àtọmọ jókòó sílẹ̀ nígbà òjò, tí oko di igbó. Bí wọ́n ṣe ń fi igi ká aràn náà díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ nígbà láéláé ni wọ́n ṣì ń ká a títí ó fi lọ. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí àjẹsára.

Kí ló lé e lọ? Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi. Kànga. Àti àwọn ará abúlé tí wọ́n yàn láti máa wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, kí ẹni tí aràn bá ti ń yọ lára rẹ̀ má bàa kó ẹsẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń pọn. Ní 1986, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 èèyàn ló ń ní in lọ́dún kan. Benin gba ìwé ẹ̀rí pé kò sí níbí mọ́ lọ́dún 2009. Ní 2023, èèyàn 14 ló ní in ní gbogbo ayé. Àwọn tó ń wo ẹsẹ̀ yẹn, mo mọ díẹ̀ nínú wọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Kò sí ẹni tó máa sọ ilé-ẹ̀kọ́ lórúkọ wọn.

Àrólé_Adáhunṣe (Ìlára)

Tíṣà, ẹ rí i pé ẹ ti bá mi sọ ọ́: igi tí wọ́n fi ń ká aràn, tiwa ni.

Ọmọ_Ìdènà (Kétu)

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ ti Covè, ó dákẹ́. Ó wá ní kí n béèrè nǹkan méjì: tí ọmọ bá gba àjẹsára náà, ṣé kò nílò àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́? Àti pé James Phipps tí Jenner fi dán an wò, kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí i?

Fẹ̀yìntì_Jàsín (Àjàṣẹ́)

Ti àkọ́kọ́: ó nílò rẹ̀ gan-an. Àjẹsára palú kò dà bíi ti èéyi. Kò dí gbogbo ọ̀nà, agbára rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fún ọmọ, ẹ̀ẹ̀kẹrin yìí ni àwọn ìyá sì máa ń gbàgbé jù, torí pé ọmọ ti ń rìn nígbà yẹn, ojú ti kúrò lára ìwé àjẹsára. Kí ìyàwó rẹ gbé ìwé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kó béèrè bóyá ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tó kù sínú rẹ̀. Tí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kó má fòyà, àmọ́ tí ibà náà bá le tàbí tí kò lọ, kó gbé e padà. Tí ibà bá sì mú un lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kó má sọ pé ó ti gbàjẹsára, pé kò lè jẹ́ palú. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Tíṣà_Ṣábẹ̀ẹ́ (Ṣábẹ̀ẹ́)

James Phipps dàgbà, ó níyàwó, ó bímọ. Jenner fún un ní ilé kan láti máa gbé láìsanwó. Nígbà tí Jenner kú ní 1823, ó wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ọdún 1853 ni òun náà tó kú.

Aláwàdà_Wàńdò (Àjàṣẹ́)

Ilé ọ̀fẹ́! Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n Kétu pé kó má gbà láìjẹ́ pé wọ́n fún ọmọ náà ní ilé, ó kéré tán ní Wàńdò, lẹ́bàá títì.

Ẹ dákun, ìwé aláwọ̀ ìyeyè tèmi ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ṣé kí n lọ tún un gbà?

Ọmọ_Láàbù (ọmọ Kétu, mo wà ní Kútọnu)

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Láti oṣù keje 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó títí ayé, ìwé àtijọ́ náà sì wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá dá yín dúró ní Kraké pé ó ti kú, ẹ má sanwó.